Ẹ̀yìn Àpótí Ẹja: Ọ̀dà, Sítíkà, Pósítà àbí Fóòmù, Èwo Ló Yẹ Pálọ̀ Yín?

Àpótí ẹja tí a kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú dúró lára ẹja. Wáyà ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi lèèyàn máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà sọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ibi tí ọ̀dà ògiri ti ń ṣí. Ẹja á wà láàárín gbogbo wọn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní yọ, bó ti wù kí owó tí ẹ rà á pọ̀ tó.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé èwo ló dáa jù nínú ọ̀dà, sítíkà, pósítà aláwòrán àti fóòmù tí wọ́n gbẹ́ bí òkúta. Èrò mi rèé kí a tó lọ jìnnà. Bí àpótí yín bá ṣì gbẹ, ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú láti ìta. Bí omi àti ẹja bá ti wà nínú rẹ̀, tí ọwọ́ sì lè wọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, sítíkà dúdú ni kí ẹ lò. Pósítà wà fún ẹni tó fẹ́ràn àwòrán tó sì ṣe tán láti fi glycerine lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ rà á. Fóòmù ló dùn ún wò jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpótí ńlá àti sùúrù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló tọ́ sí. Ẹ óò rí i pé kì í ṣe àwọ̀ ni mo fi pín wọn. Ohun tó ń pinnu ni bóyá omi ti wà nínú àpótí, àti bóyá afẹ́fẹ́ máa há sí ẹ̀yìn gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ náà kan ẹja pẹ̀lú

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nítorí àwa tí à ń wòran nìkan la ṣe ń bo ẹ̀yìn àpótí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ẹja, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó gbé àwọ̀ dúdú sínú. Tí ibi tí ẹja wà bá ṣókùnkùn, àwọ̀ yìí á tàn káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, ara ẹja á sì ki. Tí ibẹ̀ bá funfun, àwọ̀ náà á kó jọ sójú kan, ara ẹja á ṣá. Ìdí nìyí tí ẹja kan náà, tí ara rẹ̀ le koko, fi ń dà bí aláìsàn nínú àpótí tí ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú.

Ẹja inú odò igbó kò mọ ẹ̀yìn tó mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò, ewé tó ti jẹrà àti ẹrẹ̀ etí odò ló mọ̀. Kribensis, ẹja gúúsù Nàìjíríà tiwa níbí, tí àwọn òyìnbó ń sìn nílé káàkiri ayé, inú irú omi bẹ́ẹ̀ ló ti wá. Ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n nígbà tó bá fẹ́ yé. Ẹ gbé e síwájú ògiri funfun, pípọ́n yẹn ò ní hàn tó bó ṣe yẹ. Ẹ gbé e síwájú dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ẹ máa rí i láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

Goldfish, guppy pupa àti swordtail máa ń yọ dáadáa lójú dúdú. Àwọn tí dúdú kò bá lára mu ni àwọn tó dúdú fúnra wọn. Black molly máa pòórá síwájú ọ̀dà dúdú débi pé ojú rẹ̀ nìkan lẹ ó máa rí. Fún irú wọn, àwọ̀ eérú tàbí búlúù tó rọ̀ ló dáa. Búlúù tó jinlẹ̀ náà wúlò ní ilé tí NẸ́PÀ kì í sábà mú iná wá lálẹ́, torí àpótí dúdú tí kò ní iná lórí máa ń ṣókùnkùn jù nínú pálọ̀ tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò: bí omi kànga yín bá máa ń fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lára gíláàsì tó bá gbẹ, ojú dúdú á fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ óò máa nu gíláàsì léraléra.

Pósítà: ohun tó ń bà á jẹ́ àti bí a ṣe lè gbà á là

Pósítà ni wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ àpótí. Ọ̀rá tó nípọn díẹ̀ ni, òkun àti iyùn lójú kan, ewéko inú omi lójú kejì. Wọ́n á gé e fún yín bí àpótí bá ṣe gùn tó, ẹ ó gbé e sẹ́yìn, ẹ ó fi sẹ́lótéèpù mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó parí nìyẹn. Lálẹ́ tí ẹ bá tan iná ni ẹ ó tó rí ìṣòro rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín gíláàsì àti pósítà ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí nǹkan ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 1 fún afẹ́fẹ́, 1.33 fún omi, àti nǹkan bí 1.5 fún gíláàsì. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú omi gba inú gíláàsì, tó wá já sí afẹ́fẹ́, apá kan rẹ̀ á ta padà. Tó bá jẹ́ pé ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa ta padà. Ẹ dán an wò: ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹ gba gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wo gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹ ò ní rí pósítà rárá. Dígí tó ń dán bíríbírí lẹ máa rí, ẹja kọ̀ọ̀kan á sì di méjì.

Ohun tí ẹja náà ń rí nìyẹn. Ìyá àgbà kan pè mí wá sí pálọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí ọ̀rọ̀ yìí. "Ọmọ mi, ẹ bá mi wo ẹja yìí. Ta ló ń bá jà láti àná?" Oscar kan ni, ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ẹnu gbá gíláàsì ẹ̀yìn ní igun ọ̀tún, á fà sẹ́yìn, á na lẹ́bẹ́ rẹ̀, á tún gbá a. Mo ní, "Màmá, òjìji ara rẹ̀ ló ń bá jà." Mo ṣí pósítà níbi igun yẹn, mo fi glycerine díẹ̀ pa gíláàsì, mo tẹ pósítà padà mọ́ ọn. Àwòrán ewéko inú pósítà yọ kedere níbẹ̀, dígí lọ. Oscar náà dúró wo igun yẹn díẹ̀, ó sì gba igun òsì lọ láti lọ wá ọ̀tá rẹ̀ níbi tí a kò tíì fi nǹkan pa. Ìgbà tí a fi glycerine pa gbogbo ẹ̀yìn náà tán ló tó rọlẹ̀.

Bí glycerine ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 1.47, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti gíláàsì dọ́gba. Tó bá ti lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín, ìmọ́lẹ̀ á gba gíláàsì kọjá tààrà sí àwòrán. Òróró ìdáná náà sún mọ́ iye yẹn, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe, àmọ́ ó máa ń ṣàn wálẹ̀, ó máa ń rùn tó bá pẹ́, èèrà sì fẹ́ràn rẹ̀. Básílíìnì kì í ṣàn, ṣùgbọ́n títẹ́ rẹ̀ kó dọ́gba lè pa apá. Glycerine tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni mo fọwọ́ sí. Ẹ nu gíláàsì kó gbẹ, ẹ fi ìwọ̀nba glycerine pa á, ẹ gbé pósítà lé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi káàdì ATM tó ti kú fà á láti àárín lọ sí etí kí èéhó afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ fi téèpù di gbogbo etí rẹ̀ yíká, pàápàá òkè, torí omi tó bá ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi máa ń wá ibẹ̀ yọ́ wọlé. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ ra igun pósítà kan wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ò ní ṣí.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yẹn, ẹ má lo pósítà. Ọyẹ́ kan péré ti tó kí eruku wọ ẹ̀yìn èyí tí wọ́n kàn fi sẹ́lótéèpù mú.

Ọ̀dà àti sítíkà lójú kan náà

Ọ̀dà ni mo fi ṣáájú nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan láàárín òun àti gíláàsì. Kò sí dígí, eruku ò ráyè, omi ò ráyè. Kì í ká létí. Owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan: emulsion tó bá kù sínú ike lẹ́yìn tí wọ́n kun yàrá tán ti tó ẹ̀yìn àpótí kan, á tún ṣẹ́kù. Sítíkà dúdú, irú èyí tí àwọn tó ń tẹ pátákó ìpolówó ń gé tà, ní lẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà òun náà ń lé afẹ́fẹ́ kúrò tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ohun tó fi wà lẹ́yìn ọ̀dà ni pé oòrùn máa ń fà á, igun rẹ̀ sì lè ṣí. Ohun tó fi ta ọ̀dà yọ ni pé kì í rùn, kò sì sí pé a ń dúró dè é kó gbẹ. Kí ìkọ́kọrẹ́ tó jinná, ẹ ti lẹ̀ ẹ́ tán.

Ìta gíláàsì la ń kùn. Kò sí ìdí kankan tí ọ̀dà fi gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ẹja, kódà bí ẹni tó tà á bá ní omi ò lè fọ̀ ọ́.

Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, kí ẹ dojú ẹ̀yìn àpótí sókè. Ẹ fi spirit nu gíláàsì, torí ọ̀rá ọwọ́ tó bá wà níbẹ̀ ni ọ̀dà máa fi ṣí. Ẹ fi téèpù oníbébà yí etí rẹ̀ ká kí ọ̀dà má baà dé gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Róílà kékeré onífóòmù ló dáa ju búrọ́ọ̀ṣì lọ, nítorí ipa búrọ́ọ̀ṣì máa ń hàn láti iwájú.

Ìkùn àkọ́kọ́ máa ń já èèyàn kulẹ̀. Ibì kan á dúdú, ibì kan á wà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ á rí bátabàta, á sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ má kó ọ̀dà púpọ̀ lé e, ẹ má sì padà yí róílà lórí èyí tó ń gbẹ lọ́wọ́, torí á máa hó kúrò lára gíláàsì mọ́ róílà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kí ẹ kun ẹlẹ́ẹ̀kejì sí ìbú, ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí òró. Mẹ́ta sí mẹ́rin tó fẹ́lẹ́ ló máa ń tó. Tí ẹ bá rò pé ó ti tán, ẹ pa iná yàrá, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó láti iwájú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni róílà máa padà sí. Ẹ ká téèpù kúrò kí ìkùn ìkẹyìn tó le pátápátá, kó má baà fa ọ̀dà lọ́wọ́.

Emulsion, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, ló yẹ iṣẹ́ yìí ju gloss lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ọkàn yín bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, omi àti bíléèdì ló máa hó o kúrò láìṣe gíláàsì ní nǹkan kan. Èkejì ni òórùn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà. Bí ẹ bá ń kun gloss tàbí ẹ ń fọ́n ọ̀dà inú agolo nínú yàrá tí ẹ̀rọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, òórùn tínà tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn ni ẹ̀rọ ń tì bọ inú omi ẹja. Ẹ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí bárándà.

Ní ti sítíkà, ẹ béèrè fún dúdú tí kì í dán, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Tint mọ́tò kì í ṣe ìyẹn. Ògiri á ṣì máa hàn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń dán nínú wọn á sì tún sọ gíláàsì di dígí fún ẹja, ohun tí à ń sá fún gan-an. Ẹ gé sítíkà kó fi díẹ̀ tóbi ju gíláàsì lọ. Ẹ fi nylon bo ẹnu àpótí, nítorí ẹ fẹ́ lo omi ọṣẹ, ọṣẹ kò sì gbọ́dọ̀ kán sínú omi ẹja. Ó máa ń bó yíyọ̀ ara ẹja tó ń dáàbò bò ó. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sí gíláàsì, ẹ gbé sítíkà lé e, á máa yọ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tó tọ́. Ẹ wá fi káàdì ti omi jáde láti àárín, kí ẹ gé etí rẹ̀ pẹ̀lú bíléèdì. Nígbà òjò, tí ìrì bá wà lára gíláàsì, ẹ kọ́kọ́ nu ún, kí ẹ dúró kó gbẹ.

Ẹni tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì tí kò mọ ibi tí àpótí máa wà lọ́dún tó ń bọ̀, sítíkà ni mo máa ń sọ fún un pé kó lò. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn pẹ̀lú. Bí ilé bá jẹ́ tara yín, ọ̀dà.

Fóòmù: ó ń jẹ àyè, ó ń jẹ àkókò

Ẹ ò rí ohun tó dùn ún wò tó ògiri òkúta nínú omi, tí ewéko so mọ́. Ẹni tó bá ti dé Erédò Súngbọ́, yàrà àti ògiri ilẹ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́bàá Òkè-Ẹ̀rì, tó rí bí ilẹ̀ pupa yẹn ṣe dúró ga, tí gbòǹgbò àti ewé tútù bò ó, ti rí àpẹẹrẹ tó lẹ́wà jù fún ẹ̀yìn àpótí ẹja. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni, ó sì wù mí kí àwọn tó ń gbẹ́ fóòmù máa wò ó dípò òkun ilẹ̀ òkèèrè inú pósítà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Àpótí tó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 45, ń gba lítà 162. Fóòmù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tí ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn láti inú, á gba lítà 20 nínú rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹja yín gbọ́dọ̀ dínkù bákan náà. Omi á sì máa ti fóòmù yẹn sókè, pẹ̀lú agbára tó tó kílò 20, ní ọ̀sán àti òru. Silicone nìkan ló dì í mú. Nítorí náà ẹ má fi ṣeré: silicone lásán, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti fínígà, tí wọn kò fi oògùn tó ń pa èébu sí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ nínú àpótí tó gbẹ, tó mọ́, yíká etí àti ní àárín, kó má sí ihò kankan tí ẹja kékeré lè gbà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí èyí tó bá kú síbẹ̀, ẹ ò ní lè yọ ọ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ púpọ̀ kó gbẹ kí omi tó kàn án.

Àwọn tó ń fi sìmẹ́ǹtì bo fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tún ní iṣẹ́ míì lọ́wọ́. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ṣágámù. Sìmẹ́ǹtì tuntun á máa gbé pH omi, ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan, sókè, bí pH bá sì ṣe ń ga ni amóníà tó ti ara ẹja jáde ń di májèlé sí i. Ẹ bu omi kún àpótí láìsí ẹja, ẹ da á nù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún bu òmíràn, kí ẹ máa fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò títí omi kò fi ní yí padà mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá; ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò bá ẹja níwájú ògiri òkúta lọ́jọ́ yẹn, kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀, kí ó lè ní oṣù méjì ó lé díẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá rántí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, kó lọ ra sítíkà.

Nínú àpótí kékeré tí kò ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn fóòmù. Àyè ẹja ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Aṣọ, àti àpótí tó ti kún tó sì fara ti ògiri

Àwọn kan ń ta aṣọ sẹ́yìn, dúdú tàbí àdìrẹ. Ó máa ń wuni láti òkèèrè, àmọ́ ó ń mu omi, ó ń hu èébu, dígí yẹn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó dáa fún ọjọ́ ìnáwó kan, kì í ṣe fún ọdún kan.

Ó wá ku àwọn tí àpótí wọn ti kún, tó ti fara ti ògiri, tí ọwọ́ ò wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í. Omi lítà kan, kílò kan. Àpótí tí mo ṣírò lókè yẹn, tó bá kún, ti wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, láìtíì ka gíláàsì àti òkúta inú rẹ̀. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ lórí tábìlì, oríkèé silicone rẹ̀ lè ya. Bí ẹ bá máa kùn ún, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ máa tú u fọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ wá páálí oníke tó ní ihò gọ́ńgọ́ nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó "ilé yìí wà fún rẹ́ǹtì", kí ẹ kun ojú rẹ̀ kan ní dúdú tí kì í dán, kí ó gbẹ. Ẹ gé e kí ó ga ju àpótí lọ díẹ̀ kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú, kí ẹ sì rọra tì í wọ àárín gíláàsì àti ògiri láti òkè.